Ta Ni Yóò Pọn Ọmọ Náà?

Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ẹsẹ̀ rẹ wú, tí ò ń wúkọ́, tí o kò sì lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kí o mí dáadáa, pa ìwé yìí dé ná. Dìde, kí o lọ sí ọsibítù. Ọsibítù ni mo wí, mi ò sọ pé ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Tí o bá ti dé, kí o wá ka èyí tó kù. Mi ò ní bínú sí ọ pé o kò kà á tán. Àwọn tí mò ń bínú sí ti pọ̀ tó, o kò sì sí lára wọn.

Fẹ́sítàkì ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo lọ sí ilé ìwé, ibẹ̀ náà ni mo ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi. Òkè pátápátá ni fúláàtì wa wà nínú bílọ́ọ̀kù àtijọ́ kan tí omi ẹ̀rọ rẹ̀ ti jáwọ́ nínú gígun òkè láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Mẹ́ruwà tó ń fi ọmọlanke ti omi kiri ló ń tà fún wa, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló sì máa ń já kẹ́ẹ̀gì sí. Bó ṣe máa dókè, ẹni tó rà á ló mọ̀. Ọkọ mi, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Káyọ̀ báyìí, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Àpápá. Èmi ń ṣe àkáǹtì fún àwọn kan tó ń ta táìlì ní Àmúwò. Àwa méjèèjì la ń jí jáde láàárọ̀, àwa méjèèjì la ń gba Máìlì Tú wọlé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ara ríro. Tí a bá wọlé tán, ẹnì kan á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹnì kan á gba kíṣìnì lọ. O mọ ẹni tó ń jókòó.

Kò sí wàhálà kankan nígbà tí mo lóyún Fìkáyọ̀. Mo bí i pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ìyá ọkọ mi sì ti Ìlaròó wá tọ́jú wa, nítorí ìyá tèmi ti kú. Mi ò ní parọ́ mọ́ màmá náà. Wọ́n wẹ ọmọ, wọ́n se ọbẹ̀ ata gbígbóná fún mi, wọ́n ń fi tówẹ́ẹ̀lì àti omi gbígbóná tẹ ikùn mi títí mo fi ń pariwo. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ nìyẹn, wọ́n sì ṣe é tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n orúnkún wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè máa gun àtẹ̀gùn, nítorí náà èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni mò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé omi tí wọ́n á fi tẹ ikùn mi. Ọkọ mi máa ń wà nílé lọ́jọ́ Sátidé tí mo bá ń lọ. Á ní, “Rọra o, àtẹ̀gùn ń yọ̀.”

Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ wú. Bàtà kankan kò gbà á mọ́, àfi sílípáàsì ọkọ mi. Màmá ní omi oyún ni, ó máa fà. Lẹ́yìn náà, tí mo bá dé àárín àtẹ̀gùn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ àti ọmọ lẹ́yìn, màá máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkọ mi ní mo ti sanra jù ni. Ikọ́ wá dé. Ọkùnrin tó ń ta oògùn ní ìkóríta wa fún mi ní oògùn ikọ́ oníṣúgà, kò tilẹ̀ gbójú sókè wò mí. Àyà mi á máa lù kìkìkì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré, bẹ́ẹ̀ aṣọ ọmọ ni mò ń ká lórí ìjókòó.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti oorun. Bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n da omi sí mi láyà. Mo wá ń sun ìjókòó nínú àga pálọ̀, ọmọ á wà láyà mi, nítorí ibẹ̀ ló fẹ́ràn. Ìyá ọkọ mi rí i. Ọkọ mi rí i. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n yìn mí. Màmá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lójú gbogbo èèyàn pé, “Ìyàwó mi yìí, ìjókòó ló ń sùn nítorí ọmọ. Kì í gbé e kúrò láyà.” Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ìyá gidi ni mí. Mò ń kú lọ lórí àga, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tí ojú mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ìmọ̀ràn wá ń rọ́ wọlé. Màmá ní kí wọ́n máa fi kán-ún sí ẹ̀kọ fún mi, kí omi ara lè jáde. Nígbà tó yá ni mo tó gbọ́ lẹ́nu dókítà pé iyọ̀ àti kán-ún yẹn gan-an ló ń há omi mọ́ mi lára. Àbúrò ọkọ mi gbé àgbo wá nínú ike láti Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, ó ní ẹni tó ń sè é mọ iṣẹ́. Ìyá ìjọ kan ní ẹnì kan ló jókòó lé mi láyà nínú ẹ̀mí, pé kí n gbààwẹ̀. Èmi tí mò ń fún ọmọ lọ́mú! Má ṣì mí gbọ́ o. Mo gba àdúrà gbọ́, mo sì ń gbà á di òní. Ohun tí mò ń sọ ni pé, nínú gbogbo àwọn olùdámọ̀ràn yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní, “Gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn sílẹ̀, kí ọkọ rẹ gbé e.” Àgbo wà, òróró wà, kán-ún wà. Ọwọ́ ọkọ mi nìkan ni kò sí nínú ohun tí wọ́n fẹ́ fi wò mí sàn.

Màmá Obinna tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa ló gbà mí. Ìgbò ni, ṣùgbọ́n Fẹ́sítàkì ló dàgbà sí bíi tèmi, Yorùbá rẹ̀ sì dán. Ó bá mi níbi tí mo jókòó sí lórí àtẹ̀gùn, kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Káyọ̀ ń ké lẹ́yìn mi, mi ò sì lè dìde.

“Mọ́mì Káyọ̀, kí lèyí? Ẹnu ẹ ti dúdú! Ṣé ò ń sùn dáadáa?”

“Mò ń sùn. Ìjókòó ni mò ń sùn.”

Ó pariwo. “Ìjókòó kẹ̀? Jísọ́ọ̀sì! Bí ti sísítà mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Wọ́n ní màlárià ni, màlárià ni. A ti sin ín. Àbẹ́ẹ̀gì, fóònù ẹ dà?”

Ó pe ọkọ mi níbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ọkọ mi tó ń sọ pé òun wà ní mítíìnì. Màmá Obinna ní, “Ó dáa náà, Bọ̀dá. Ẹ parí mítíìnì yín, èmi á bá yín ra pósí.” Ọkọ mi dé láìpẹ́, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọsibítù ìjọba la lọ. Bí o kò bá tíì tò síbẹ̀ rí, jẹ́ kí n sọ fún ọ. O máa tò ya káàdì, o máa tò sanwó, o máa tò fún ẹni tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kí o tó wá tò fún dókítà. Ọmọ wà lẹ́yìn mi nínú gbogbo ìlà yẹn. Ọkọ mi wà níta lábẹ́ igi, ó ń ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì kan jágbe mọ́ mi pé kí n má jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń dí ọ̀nà. Ìyá àgbàlagbà kan tó wà níwájú mi ló wò mí lójú, tó ní, “Wá síbí, ọmọ mi. Tèmi lè dúró.” Mi ò mọ orúkọ ìyá náà títí dòní. Ibi yòówù kí wọ́n wà, Ọlọ́run á ṣe tiwọn fún wọn.

Dókítà tó rí mi jẹ́ obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi ìka tẹ ojúgun mi, ibi tó tẹ̀ sì jìn, kò tètè padà. Wọ́n ya àwòrán ọkàn mi. Lẹ́yìn náà ló pe àwa méjèèjì jókòó. Ó ní ọkàn mi ti rẹ̀, pé ó máa ń ṣe àwọn obìnrin kan bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá lóyún tàbí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀ tán. Kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara bó ṣe yẹ mọ́, ìdí nìyẹn tí omi fi ń kún ẹsẹ̀ mi àti ẹ̀dọ̀fóró mi. Ó ní a ṣì lè wò ó, pé àwọn tí wọ́n pe àìsàn náà ní nǹkan míì fún ló ń kú. Ó wá yíjú sí ọkọ mi.

“Ta ló ń gbé omi nílé yín?”

“Mọ́mì Káyọ̀ ni, mà.”

“Ta ló ń fọṣọ?”

“Òun náà ni.”

“Ta ló ń pọn ọmọ?”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. “Ṣebí ìyá ẹ̀ náà ni, mà.”

“Láti òní lọ, ẹ̀yin ni.”

Ó tún rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí mo bá ń gbé ohun tó wúwo, bí mo bá ń pọn ọmọ gun àtẹ̀gùn yẹn, oògùn tí òun fẹ́ kọ kò ní ríbi ṣiṣẹ́. Ó ní, “Ẹ̀yin náà wà lára oògùn tí mo kọ fún un. Ẹ má jẹ́ kó tán.”

Wọ́n dá mi dúró ní wọ́ọ̀dù. Oògùn náà wọ́n, a ta jẹnẹrétọ̀, a ta fíríìjì. Ìgbà tí mo padà délé ni ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Káyọ̀ kì í sùn àfi tí wọ́n bá pọ̀n ọ́n, bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ẹ̀yìn ta ló máa wá sùn sí? Màmá ní ẹ̀yìn àwọn kò gbà á mọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí àwọn bí kò ní so òjá.

“Kò sọ́kùnrin tó pọnmọ rí nílé wa. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ládùúgbò ni?”

Mo ní, “Màmá, ṣé kí n kú ni?”

Wọ́n ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀n ọ́n. Ká sọ òtítọ́, ó mọ ọmọ pọ̀n. Ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, òjá kì í tú lára rẹ̀, Káyọ̀ á sì ti sùn kí ó tó yí pálọ̀ ká tán. Ṣùgbọ́n kí ó tó mú òjá, á kọ́kọ́ fa gbogbo kọ́tìnì, á sì fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. Nínú ooru Èkó! Tí iná bá lọ, tí fáànù dúró, òógùn á máa ṣàn lára òun àti ọmọ, síbẹ̀ kò ní jẹ́ ká ṣí wíńdò. Mo kọ́kọ́ ń fi í rẹ́rìn-ín, mò ń pè é ní olè. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, ìbáà ṣe mẹ́ruwà tó wá gba owó rẹ̀, á yára tú òjá, á gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀, á wá lọ ṣílẹ̀kùn bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa wá kí mi. Àìsàn mi ni wọ́n wá bá mi kẹ́dùn o, má gbàgbé. A gbọ́ ohùn wọn lórí àtẹ̀gùn. Káyọ̀ ń sùn lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Bó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á jí, á sì figbe ta. Ọkọ mi wo ilẹ̀kùn, ó wò mí.

“Jọ̀ọ́, bá mi gbà á sẹ́yìn díẹ̀. Wọn ò ní pẹ́.”

“Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ pọ̀n ọ́n.”

“Mo mọ̀. Díẹ̀ péré ni. Ẹgbẹ́ ọkùnrin ni wọ́n, Mọ́mì Káyọ̀.”

Mi ò tíì gbà tó ti gbé e lé mi lẹ́yìn. Ó so òjá náà fún mi, ó sì so ó le dáadáa. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, ọkọ mi ní kí n bá wọn gbé nǹkan mímu wá. Mo lọ gbé tíréè ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí mo ṣe yọ sí pálọ̀, ọ̀kan nínú wọn gbọ́wọ́ sókè. “Ẹ wo iṣẹ́ Olúwa! Ẹni tí wọ́n ní kò lè dìde, òun ló ń pọnmọ yìí!” Wọ́n dá orin ọpẹ́. Mo gbọ́ ègbè orin náà, lẹ́yìn ìyẹn ilẹ̀ ni mo rí. Àyà ni mo fi lélẹ̀ láàárín ìgò tó fọ́, ìyẹn ni ọmọ mi kò fi fara pa.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe gbé mi dé ọsibítù. Nígbà tí mo lajú, wọ́n ti fi nǹkan ìmí bò mí nímú, ọkọ mi jókòó tì mí, ó ń sunkún. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo sọ fún un pé, “Àìsàn yìí kọ́ ló fẹ́ pa mí. Ìtìjú rẹ ni. O mọ̀ pé ó lè pa mí, o sì so ó.” Ó ń bẹ̀ mí. Àánú rẹ̀ kò ṣe mí. Ká ní mo lágbára ni, ǹ bá ti gbá a létí. Mo ní bí òjá yẹn bá tún kan ẹ̀yìn mi, èmi àti ọmọ mi á kó jáde, kí òun máa bá ẹgbẹ́ ọkùnrin gbé.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Káyọ̀ ń ké lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, kò gbẹ̀bẹ̀. Ọkọ mi dìde. Ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù ṣí sílẹ̀, mo sì ń wò ó látorí bẹ́ẹ̀dì. Ó gba ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn, ó gba òjá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì so ó láàárín èrò tó ń lọ tó ń bọ̀. Màmá yára tú ìborùn wọn, wọ́n fẹ́ fi bò ó lójú àwọn èèyàn.

Ó ní, “Màmá, ẹ fi sílẹ̀. Ooru ń mú ọmọ.”

O ò ní gba ohun tó tẹ̀lé e gbọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì pé lé e lórí. Ọ̀kan sáré lọ pe ẹnì kejì rẹ̀ wá wò ó. Ọ̀kan bá a gbé omi tútù wá. Wọ́n ní ọkọ àtàtà ni, wọ́n ní orí mi ló sunwọ̀n. Èmi pọn ọmọ yẹn tòun ti ọkàn tó ti rẹ̀, mo pọ̀n ọ́n gun àtẹ̀gùn, mo pọ̀n ọ́n tò sórí ìlà ní ọsibítù yẹn kan náà. Kò sẹ́ni tó fún mi lómi, gbígbóná tàbí tútù.

Nígbà tí a padà délé, ó ṣí kọ́tìnì fúnra rẹ̀, kò sì fà á mọ́. Ní báyìí tí Káyọ̀ ti wọ jẹ́léósinmi, ọkọ mi ló ń gbé omi kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, òun ló ń fọṣọ, òun ló ń wẹ Káyọ̀. Èmi ń jókòó dáná, mò ń di irun ọmọ, mò ń jókòó tì í tó bá ń kọ iṣẹ́ ilé ìwé. Má rò pé ìjà ti tán. Tí ó bá fọ abọ́, á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, á ní, “Mo ti fọ abọ́ o.” Màá ní ta ló ń ròyìn fún? Gbogbo ọdún tí mo fi fọ abọ́, ṣé mo pe ìpàdé lé e lórí? Á rẹ́rìn-ín, á yí padà. Tó bá tún fọ abọ́, á tún wá ròyìn.

Ara mi ti yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti padà síbi iṣẹ́, mo sì ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì bí èèyàn. Mò ń lo oògùn lójoojúmọ́, mò ń lọ fi ara han dókítà, mo ṣì máa ń dúró sinmi lórí àtẹ̀gùn. Dókítà kìlọ̀ fún wa pé oyún míì lè gbé mi lọ. Màmá ní ọmọ kan kò tó, pé kí a fi ọ̀rọ̀ náà sí àdúrà. Mo ti ń wá ohun tí màá fi fèsì nígbà tí ọkọ mi ní, “Màmá, ìyàwó mi ni mo fẹ́ kó wà láàyè. Ẹ má sọ ọ́ mọ́.” Wọn kò sọ ọ́ mọ́. Ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí bí ẹsẹ̀ mi bá wú díẹ̀, màá fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò, màá máa dúró kó padà.

Láìpẹ́ yìí ni ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n jáde wá jẹ́rìí. Kí n tó gba máìkì, ìyá ìjọ, èyí tó ní kí n gbààwẹ̀ nígbà yẹn, fà mí lápá. “Má gbàgbé láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ ẹ o. Ọkùnrin mélòó ló lè ran ìyàwó ẹ̀ lọ́wọ́ báyẹn?”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá Obinna, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó fún mi ní ipò wọn lórí ìlà. Mo sọ fún àwọn obìnrin ohun tí mo sọ fún ọ níbẹ̀rẹ̀, nípa ẹsẹ̀ wíwú, nípa ikọ́, nípa oorun ìjókòó tí wọ́n fi pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo dá máìkì padà.

Ìyá ìjọ ti ń dúró dè mí nísàlẹ̀. “Ọkọ ẹ ńkọ́? O ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.”

Ọkọ mi dúró nítòsí ẹnu ọ̀nà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Káyọ̀ ti sùn lọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo nawọ́ sí wọn.

“Mà, ọmọ ta ló wà lẹ́yìn ẹ̀ yẹn?”